Iṣẹ́ Ìyá Apọnmi Tí N Kò Jẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á láti inú ìwé. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ láìwo ìwé, n óò fo ibi tó bá le. Mo mọ ara mi. Ìran tí mo fẹ́ kà fún yín ni èyí tí mo rí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, nínú ilé àánú tó wà lẹ́yìn ilé àdúrà wa yìí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kọ ìran àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀. Èyí nìkan ni tèmi.

Fún ẹni tó bá jẹ́ àlejò láàárín wa, Bánjí ni mí, akọ̀wé ìran ìjọ yìí. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì, ohun tó bá sọ kì í sí lórí rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ̀mí bá fi í sílẹ̀. Á dìde, á nu ojú, á béèrè omi, kò sì ní mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti sọ. Akọ̀wé nìkan ló ń dẹtí sí ẹnu rẹ̀ lábẹ́ orin ìjọ, tó ń kọ ọ́ bí ó ti ń jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, akọ̀wé náà ló sì ń kà á sétí ìjọ kí a tó túká. Ohun tí akọ̀wé kò bá kọ, a jẹ́ pé Ọlọ́run kò sọ ọ́ nìyẹn.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí n kò ti mọ nǹkan kan lára. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, kí ẹ má baà rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ ní ibi tó ti ń dunni. Èyí kò dunni níbì kankan. Ó dà bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ènìyàn á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ni, síbẹ̀ á dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Bí ọkàn mi ti rí nìyẹn láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Apọnmi.

Gbogbo yín lẹ mọ Ìyá Apọnmi. Ọdún mọ́kànlá ló fi pọn omi ilé àdúrà wa láti Odò Abẹ́-Àpáta, láràárọ̀, kí ẹyẹ tó dún. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, ó forí gbá òkúta, ó sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣèyí ọmọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó ní, "Bùrọ̀dá Bánjí, ẹ̀yin lẹ ń kọ ìran. Ọlọ́run rí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ máa sọnù. Ó rí ẹni tí wọ́n máa já sílẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣé kò rí màmá mi ni?"

Mo ní, "Ọ̀nà Olúwa jìn, Ṣèyí."

Ó wò mí, ó ní, "Ó jìn lóòótọ́." Láti ọjọ́ náà, kò wọ ilé àdúrà yìí mọ́. Bí ó bá mú bàbá rẹ̀ tí ojú ń dùn dé ẹnu ọ̀nà, abẹ́ fèrèsé níta ló ń jókòó títí a ó fi parí. Ó wà níbẹ̀ báyìí bí mo ti ń kàwé. Mo mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó bi mí, n kò sì sọ ọ́. Ẹ fi sùúrù gbọ́, n óò dé ibẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo gbààwẹ̀, mo sì lọ sí ilé àánú láti gbàdúrà ọ̀sán. Mo mú ìwé kan dání. Ẹ mọ̀ pé ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Bàbá Alàgbà kì í jẹ́ kí a gbàgbé. ("Akọ̀wé, ọdún mẹ́rin gbáko lórí àwọn abọ̀rìṣà Gíríìkì! Ṣé àwọn tiwa tó wà nílé kò tó ni?") Ibi tí mo ń kà ni ibi tí akọni kan, atukọ̀ òkun, ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn òkú láàyè, láti lọ béèrè ọ̀nà ilé lọ́wọ́ aríran tó ti kú. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà á. Mo ń ṣe ìlara ẹni tí ẹ̀rù lè bà.

Mo pa ìwé dé, mo kúnlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo ní: "Olúwa, jẹ́ kí ó dùn mí." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò gbọ́ ìdáhùn. Mo na ara sórí ẹní, oòrùn sì ń ti ojú fèrèsé wọlé sí mi lẹ́sẹ̀, oorun gbé mi lọ.

Mo gbọ́ tí igi ń kan sìmẹ́ńtì, gbà, gbà, gbà. Mo lajú. Ọkùnrin kan dúró níwájú mi, kò ga, àyà rẹ̀ gbòòrò, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì le gbagidi bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú iyọ̀. Ó gbé igi gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ lé èjìká.

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Bàbá, irú ìkòkò wo lẹ fẹ́ fi ọmọ-orógùn tó tóbi báyìí rò?"

Ó dúró sojú kan. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó. "Ọmọ-orógùn! Àjẹ̀ ìtukọ̀ nìyí, ìwọ ará òkè! Òkun méje ni mo fi là kọjá. Wọ́n sọ fún mi pé kí n máa gbé e rìn títí n óò fi bá ẹni tí yóò fi orúkọ mìíràn pè é, pé ẹni náà ni kí n mú sọ̀kalẹ̀. Kò wù mí kó jẹ́ ẹni tí yóò pè é ní igi ọbẹ̀. Dìde."

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé áńgẹ́lì ló máa ń mú àwọn aríran wa lọ. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní tún ìran kankan ṣe mọ́. Ohun tí mo rí ni mo ń kà: ará Gíríìkì ni, kò ní ìyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dọ̀tí.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ lọ béèrè ọ̀nà ilé?"

"Èmi ni. Mo lọ, mo sì bọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún mi níṣẹ́ yìí. Irọ́ tí mo pa láyé kò jẹ́ kí wọ́n fi mí sí ibi ìsinmi, ẹkún tí mo sun kò sì jẹ́ kí wọ́n fi mí sí ibi oró. Mo wà lójú ọ̀nà."

Ọ̀nà odò ni a gbà. Ọ̀nà tí Ìyá Apọnmi ń gbà yẹn gan-an ni, láàárín ewéko tó rọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a dé orí àpáta tó yọ̀ sí, mo wò ó, n kò sì mọ nǹkan kan lára. Mo ní kí n sọ ìyẹn. Ihò kan là lábẹ́ àpáta náà, a sì wọ inú rẹ̀.

Ajá kan sùn sí ẹnu ihò náà. Orí mẹ́ta ló ní. Ó ga tó màlúù, síbẹ̀ kò gbó, kò gbé orí kankan sókè. Atukọ̀ ní, "Kì í gbó ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ jáde ló ń bá ṣe." A fo ìrù rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi dúdú kan tí kì í ṣàn. Bàbá arúgbó kan jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń fi ike gbọ́n omi jáde. Láì wòkè, ó ní, "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń mí? Ọkọ̀ mi kì í gba ẹni tó ń mí. Ẹni tó ń mí wúwo."

Atukọ̀ ní, "Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan lára."

Arúgbó náà na ọwọ́ tútù, ó fi í lé mi láyà bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń yẹ ọmọ wò. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Tiwa ni èyí. Wọlé." Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mì nígbà tí mo wọ̀ ọ́.

Ní èbúté kejì, ìkùukùu bo ilẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tí a dé ni ibi tí àwọn òpùrọ́ wà. Wọ́n jókòó ní ìlà ní etí kànga, ètè wọn ti là bí ilẹ̀ ọ̀dá. Obìnrin kan dúró ti kànga náà pẹ̀lú agbè tó kún, ó ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ pé, "Kí lo fẹ́?" Ẹni náà á ya ẹnu láti sọ pé omi, ahọ́n rẹ̀ á yí, á ní, "Kò sí nǹkan, mo ti yó." Obìnrin náà á ní, "Ó dáa," á sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, tó ń bọ̀. Atukọ̀ ní, "Wọ́n ti fi irọ́ pọ́n ahọ́n wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́." Ó yí ojú kúrò níbẹ̀ ní kíá.

Ibi kejì, ilé tò lọ bí àdúgbò ìlú. Ní ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin kan ń kanlẹ̀kùn. Ohùn á ti inú ilé dáhùn pé, "Ta nìyẹn?" Ẹni náà á ronú, á pe orúkọ kan, ohùn á ní, "A kò mọ̀ ọ́n," á pe òmíràn, "A kò mọ̀ ọ́n." Atukọ̀ ní, "Àwọn alágbèrè ni. Ilé ara wọn ni wọ́n ń kàn. Orúkọ tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹlòmíràn ti pọ̀ jù, wọ́n ti gbàgbé èyí tí wọ́n fi ń wọ tiwọn." Ọkùnrin kan rí mi, ó sáré wá di apá aṣọ mi mú, ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, o jọ ẹni tó kàwé, jọ̀wọ́, kí ni orúkọ mi?" N kò mọ̀ ọ́n. Ó padà lọ, ó ń kanlẹ̀kùn.

Ibi kẹta, ìlà ènìyàn kan gùn tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀, nínú oòrùn tó ń jó ènìyàn láìmọ́lẹ̀. Àwọn aninilára ni wọ́n to síbẹ̀, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tó jẹ́ kí àwọn arúgbó dúró títí wọ́n fi ṣubú, àti àwọn tó fi àṣẹ gba ilẹ̀ opó. Bí ẹnì kan bá dé iwájú fèrèsé, ìka kan á yọ jáde, á tọ́ka sẹ́yìn, ohùn á ní, "Padà wá lọ́la."

Mo bi atukọ̀ pé, "Ìgbà wo ni ọ̀la níbí?"

Ó ní, "Níbí? Kò sí."

Mo rí gbogbo èyí, ẹ̀yin ará, mo sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò láti inú ilé. Mo ń retí kí ẹ̀rù bà mí. Mo tilẹ̀ ń gbìyànjú rẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé, Bánjí, ọ̀run àpáàdì nìyí, bẹ̀rù. Ara mi kò dáhùn. Mo sọ fún atukọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tí kò dùn. Ó ní, "Ó ku yàrá kan."

Yàrá náà tóbi, ó mọ́, ó sì pa rọ́rọ́. Kò sí iná, kò sí ìdin, kò sí ìró ẹkún. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìlà, ẹnì kan sì jókòó lórí ẹní kọ̀ọ̀kan, ó mú bírò dání, ìwé ṣí sílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ojú wọn wà ní lílà. Mo juwọ́ níwájú ọ̀kan, kò ṣẹ́jú.

Mo bi atukọ̀ pé, "Kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe?"

"Wọ́n rán wọn níṣẹ́. Wọ́n gbé e mì."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Kò sí ẹni tó ń jẹ wọ́n níyà níbí. Wọ́n kàn jókòó ti ohun tí wọn kò sọ."

Nígbà náà ni mo rí ẹní kan tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, mo sì sún mọ́ ọn, ìwé kan wà lórí rẹ̀, èèpo rẹ̀ búlúù, òróró àdúrà ti ta sí igun rẹ̀ bí àwòrán ewé, mo mọ òróró náà, èmi ni mo da á síbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ìwé ìran wa ni, ìwé tí mo mú dání yìí ni, ó sì ṣí sí ojú ewé ọjọ́ kan tí n kò fẹ́ rántí, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mo ní kí n padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kò padà, orúnkún mi ti ń tẹ̀, mo ti ń jókòó, ẹní náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹní tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo dìde lórí rẹ̀, mo mọ̀ pé láti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé ibẹ̀.

Atukọ̀ fi àjẹ̀ rẹ̀ gbá mi lápá. Ó ní, "Kà á. Bí o bá kà á, o lè dìde."

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ní n óò dé ni mo dé yìí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ikú Ìyá Apọnmi, ẹ̀mí gbé Ìyá Wòlíì ìjọ wa. Ìyá Apọnmi kò sí nínú ilé. Ó lọ pọn omi tí a fẹ́ yà sí mímọ́. Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò sùtánà mi. Mo ti ń retí èsì ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo kọ̀wé sí fún iṣẹ́ olùkọ́. Mo fi ìwé ìran bò ó, mo ń ka èsì náà: wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹnu Ìyá Wòlíì ń sọ̀rọ̀, etí mi ń gbọ́, ọwọ́ mi kò kọ. Nígbà tí mo gbé bírò, orúkọ Ìyá Apọnmi nìkan ló kù lórí mi. Ẹ̀mí ti fi Ìyá Wòlíì sílẹ̀, ó ń mu omi. Kò sí ẹni tí mo lè bi, àfi kí n dìde kí n sọ pé n kò gbọ́. Ojú tì mí. Ẹ mọ̀ bí ojú ti máa ń tì mí. Mo kọ nǹkan dídùn kan, mo sì kà á fún un lójú gbogbo yín nígbà tó dé: "Kí Ìyá Apọnmi máa yọ̀, omi ayọ̀ ń ṣàn bọ̀ wá bá a." Ẹ ṣe àmín. Ó jó.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ń wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà padà sí mi létí, gbogbo rẹ̀, ketekete, bí ẹni pé wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní ìyókù ọjọ́ Ajé láti sọ ọ́. Mo ní odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lójú ọ̀nà, ó ní, "Akọ̀wé mi, mo ti ń wo ojú ọ̀nà fún omi ayọ̀ mi o!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Á dé, màámi." Ní Ọjọ́rú, ó lọ sí odò.

Iṣẹ́ olùkọ́ náà, wọn kò fún mi.

Mo ka ojú ewé náà fún atukọ̀ nínú yàrá tó pa rọ́rọ́ yẹn, mo ka irọ́ tó wà níbẹ̀, mo sì sọ òótọ́ tí kò sí níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá síbí, ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé mi ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọkọ̀ mi. Ó jábọ́ láti orí òrùlé, ó kú, àwa ń kánjú, a kò sin ín. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti kú. Kò bínú sí mi. Ó kàn ní kí n padà lọ ṣe ohun tó yẹ." Ó na ọwọ́ sí mi. "Wá. Ìwọ náà ní ẹni tó ń dúró dè ọ́."

A kọjá ògiri kan, afẹ́fẹ́ sì yí padà. Bí mo bá ní kí n ṣàpèjúwe ibi ìsinmi, n óò bà á jẹ́. Ó dà bí àárọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí kò sí ẹni tó ń kánjú. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé ẹrù sórí. Ìyá Apọnmi wà lórí àpáta kan, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ tó máa ń là tẹ́lẹ̀ ti dán bí ti ọmọdé. Ẹlòmíràn ló ń pọn omi fún un.

Ó rí mi, ó pariwo, "Akọ̀wé! O mà ti rù o! Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ nílé ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dìde, mo na apá láti dì mọ́ ọn. Ó ní, "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ lo máa gbá mọ́ra. Atukọ̀ tó mú ọ wá yẹn dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lára ìyá tó bí i, ṣé kò sọ fún ọ ni?" Atukọ̀ wo ilẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ẹ mọ̀ mí. Mo ṣàlàyé ìtìjú, mo ṣàlàyé fóònù, mo ṣàlàyé bí ó ti máa ń rí nígbà tí ènìyàn bá gboyè tán, tí ọdún méjì kọjá tí kò rí iṣẹ́. Mo tilẹ̀ pa òwe. Mo ní, "Màámi, àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó dùn létí yín ni."

Ó fi ẹsẹ̀ ru omi díẹ̀. Ó ní, "Bánjí. Bí a ó ṣe jẹ́ ẹ ni wọ́n ń sọ. Wọn ò ní kí o sọ iṣẹ́ nù sójú ọ̀nà, kí o wá fi òmíràn dí i."

Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó la odò kọjá. Èmi wà nínú ìsinmi, ẹjọ́ tèmi kò le. Ṣèyí ni. Ọmọ mi rò pé Ọlọ́run fo orí mi kọjá. Lójoojúmọ́ ló ń rò ó. Ó ń pọn omi láti odò yẹn báyìí, ó ń tẹ àpáta yẹn, kò gbàdúrà, kò sì sunkún. Ọkàn rẹ̀ ti ń dà bí tìẹ. Ṣé o fẹ́ kó wá jókòó lórí ẹní?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Sọ fún un pé Ọlọ́run ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí a rán ni kò dé."

"Yóò kórìíra mi, mà."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Kò sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. "Kíkórìíra rẹ kò ní pa á. Èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ yìí ni yóò pa á. Máa lọ."

A padà. Arúgbó ọlọ́kọ̀ ní ọkọ̀ náà ti wúwo, ó ń bú mi títí a fi gúnlẹ̀. Ní ẹnu ihò, ajá náà ti jí, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà, atukọ̀ dúró lẹ́yìn, ó ní, "Èyí kò sí lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá gbé nǹkan dání nìkan ló ń jẹ́ kó jáde," mo sì na ọwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan kan nínú wọn, orí kan gbóòórùn ọwọ́ ọ̀tún mi, orí kan gbóòórùn tòsì, ehín rẹ̀ kan ìka mi, orí àárín wá sí ojú mi gan-an, èémí rẹ̀ gbóná bí iná àdìrò, ó ń gbóòórùn ẹnu mi, mo sì ya ẹnu, n kò mọ ohun tó mú mi ya á, mo pariwo ọ̀rọ̀ náà bí Ìyá Wòlíì ti sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lójú ajá, ajá náà yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rù sì bà mí, ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí, mo sáré.

Ìyá Wòlíì ló ń jí mi. Ó mú ìgbálẹ̀ dání. "Akọ̀wé! Aago mẹ́rin ti lù. Kí ni 'má ṣe dé odò' túmọ̀ sí? Kí lo ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo ṣì wà lórí ẹní, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti kú ni n kò ti jẹ́ kí ẹ̀mí gbé mi mọ́. Mo rò pé ẹnu mi ni kò mọ́. Mo ń sọ pé ẹ̀mí wo ló ń gbé mi, tó jẹ́ kí n wí ayọ̀ fún ẹni tó ń lọ kú." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Oṣù mẹ́rin, Bánjí."

Ìgbà náà ló dùn mí. Àdúrà mi gbà. Ó dùn mí níbi tí n kò mọ̀ pé ènìyàn ní, ó sì ń dùn mí títí di báyìí tí mo dúró níwájú yín.

Ìkìlọ̀ tí mo ní kò pọ̀. Ẹni tó wà nínú wa tí a rán sí ẹnì kan, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó dìde kó máa lọ. Bó bá ti pẹ́, kó lọ bẹ́ẹ̀. Bí ojú bá ń tì í, kí ojú máa tì í lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ibẹ̀ kò gbóná. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá Alàgbà, n óò gbé ìwé ìran yìí kalẹ̀ níwájú yín lẹ́yìn èyí, ohun tí ìjọ bá sì fi mí ṣe, ó tọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó wà nítòsí fèrèsé ṣí i kó gbòòrò.

Ṣèyí, mo mọ̀ pé o ń gbọ́ mi. O bi mí bóyá Ọlọ́run kò rí màmá rẹ. Ó rí i. Èyí ni iṣẹ́ tó rán sí i, bó ti jáde lẹ́nu Ìyá Wòlíì:

"Ìyá Apọnmi, ìránṣẹ́ mi, mo rí ẹsẹ̀ rẹ. Ó ti rẹ̀ ọ́. Má ṣe dé odò títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi kọjá. Jókòó. Kí ẹlòmíràn pọn omi."

Èmi ni a fi rán. Mo jẹ́ ẹ lónìí. Ó ti pẹ́.